Ẹ̀yìn Òkè Tí Kọ̀ǹpútà Ní Ó Ti Jó

Òórùn ẹja gbígbẹ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Wakefield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo gbé nígbà tí mo ń kàwé gba oyè kejì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe. Orí tábìlì inú ìdáná wọn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi, torí yàrá tèmi kò gba tábìlì.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òfúrufú mọ bí igbó ṣe kù tó lórí òkè kan. Èkìtì ni mo mú, lápá abúlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi gan-an. Lọ́sàn-án Sátidé kan, kọ̀ǹpútà parí ìṣirò rẹ̀: ìhà ìlà oòrùn òkè náà tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìhà ìwọ̀ oòrùn dúdú, kọ̀ǹpútà sì ní igbó ibẹ̀ ti jó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nu ọwọ́, wọ́n wá wò ó. Wọ́n rọra jókòó.

“Kòkó bàbá wa ló wà níbẹ̀ yẹn,” ni wọ́n sọ.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti délé gbẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi, ó sì dùn mí pé èmi ni mo mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n pe àbúrò wọn ọkùnrin tó wà lábúlé. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́ lórí fóònù.

“Ta ló ní ó jó? Inú oko yẹn ni mo wà láàárọ̀ òní, a ń ká kòkó lọ́wọ́.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yíjú sí mi. “Aago mélòó ni ẹ̀rọ yín yà á?”

“Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, Mọ́mì. Lóṣù tó kọjá.”

“Lásìkò ọyẹ́? Oòrùn kì í tètè dé ẹ̀yìn òkè yẹn. Tí a bá lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ṣe la máa ń gbọ̀n. Òjìji lo rí.”

Ojú tì mí, torí olùkọ́ wa ti sọ ọ́: ibi tó kọjú sí oòrùn á tàn ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó kọ̀yìn sí i á ṣókùnkùn, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe ká tó gba àwòrán gbọ́. Ìkánjú ni mo fi fò ó. Mo wá máàpù tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, mo fi ṣírò bí oòrùn ṣe bà lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan, mo sì dá ìmọ́lẹ̀ tó dín padà. Nígbà tí àwòrán tuntun yọ, ẹ̀yìn òkè náà ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fi ìka tọ oko kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ni ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Irú iṣẹ́ yẹn náà ni mo fi ń jẹun báyìí. N kì í kọ ọ́ pé ibì kan ti jó láìjẹ́ pé mo bi ẹni tó mọ ibẹ̀. Ọ̀gá mi ní mo máa ń pẹ́ jù lórí iṣẹ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo rí obìnrin kan tó pàdánù oko bàbá rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, tí ó tún rí i gbà padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé lábẹ́ gbogbo àwọ̀ tí à ń kùn sórí máàpù.