Faransé Alhaja Marufat

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ní ìsọ̀ tìmùtìmù rẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, Alhaja Marufat gbé fóònù sétí, ó ń ké pé, "Onífá! Onífá!" Alfa Abdulqoyum, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, dúró gbagidi.

"Alhaja, kí lẹ fẹ́ fi onífá ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Dorcas, tíṣà èdè Faransé tó jókòó tì í, ló sáré ṣàlàyé. Ọmọ ọmọ Alhaja ló ń pè láti Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrìnàjò. "On y va" ni ìyá àgbà ń wí, ìyẹn "ó yá, ká máa lọ". Ahọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni kò gba "v".

Alfa rò ó wò díẹ̀. "Kò burú. Ẹ tètè máa lọ, kí onífá tó dá yín lóhùn."

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Alhaja nígbà tó kọ́kọ́ wọkọ̀ wá sí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń béèrè ilé Dorcas. Mubaraq, ọmọ Alhaja, ti fẹ́yàwó sí Lomé, wọ́n sì ti bí Zulaikha. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bí wọ́n bá gbé fóònù fún un, òun àti ìyá àgbà á kàn máa mí sétí ara wọn ni.

Dorcas ṣí ìwé, ó fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ tó túmọ̀ sí: "Ǹjẹ́ ẹ lè fi ọjọ́ ìrìnàjò yín tó mi létí?"

Alhaja pa ìwé náà dé. "Ìwé ìpẹ̀jọ́ nìyẹn, Tíṣà. Èyí tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọmọ ẹni tàkúrọ̀sọ ni kó o fún mi."

Bí Dorcas ṣe fún un ní "Tu viens quand?" nìyẹn: ìgbà wo lo ń bọ̀? Ó ṣàlàyé pé "tu" ni "ìwọ", "vous" sì ni "ẹ̀yin". Alhaja ní ó yé òun: gbogbo ẹni tí òun bá jù lọ́jọ́ orí, "tu" ni.

"Tí ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí ẹni náà ńkọ́, mà?"

"Màá bi í."

Lọ́dún kejì, Alhaja ní òun ń lọ sí Lomé, Dorcas ló sì máa sin òun lọ. Dorcas kò lè sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ́ ọmọ ní Faransé, kò tíì bá elédè Faransé kan sọ̀rọ̀ rí.

Ní ẹnubodè, òṣìṣẹ́ kan fi Faransé bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Dorcas bẹ̀rẹ̀ sí í to gírámà jọ lọ́kàn. Alhaja bá sún síwájú: "Lomé, mon petit. Tu viens?" Lomé ni, ọmọ mi, ṣé wàá bá wa lọ?

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó yíjú sí Dorcas, ó bi í bóyá báyìí ni màmá máa ń ṣe. Dorcas fèsì kan, ó fèsì kejì, kó tó mọ̀, ó ti ń sọ ohun tí wọ́n máa jẹ tí wọ́n bá dé Lomé.

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, Alhaja tẹ̀ ẹ́ nítan. "Ó gbọ́ ọ, àbí?"

"Ó gbọ́, mà."

"Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Mo ti ń rò pé ayédèrú lo kọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, Dorcas kò fi ìwé nìkan kọ́ni mọ́. Ó sì máa ń dúpẹ́ ní gbangba pé òun kọ́ Alhaja ní Faransé, Alhaja ló kọ́ òun ní sísọ.

Ọdún tó kọjá ni Alhaja jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Lọ́jọ́ fídáù, Dorcas ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó sì ń to ọ̀rọ̀ Faransé tó máa fi tu Zulaikha nínú jọ lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà rí i, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Tíṣà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá àgbà máa ń sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi."

Yorùbá Ọ̀yọ́ gidi ni, kò yingin. Mubaraq ní bí ìyá òun bá ti parí Faransé tirẹ̀ lórí fóònù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́ gbọ́.

Gbogbo Faransé tí Dorcas tò jọ fò lọ. Ó jókòó lórí ẹní, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Kí ló tún sọ fún ẹ?"

"Ó pọ̀, mà," ni Zulaikha wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un.