Màmá Fọwọ́ àti Ẹ̀rọ Omi Wọ́ọ̀dù Òkè

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Màmá Fọwọ́ nílé ìwòsàn náà, ìtàn búlúù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọn kò ṣe ní í fi ọwọ́ ara wọn kó àrùn láti ara aláìsàn kan ran òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí èrò tó dé, ó po búlúù ìfọṣọ mọ́ òróró, ó fi ra ọwọ́ ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù òkè, ó wá jókòó ti ògiri bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, búlúù ti wà lára ìrọ̀rí, lára ife omi, àti lára báńdéèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Dókítà àgbà ló bínú jù.

“Ta ló kun ilẹ̀kùn tí kò kìlọ̀ fún èèyàn?”

“Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ta ló fi kan ojú egbò bàbá tó wà nídìí fèrèsé?”

Dókítà rò ó díẹ̀. “Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ta ló wá fi kan imú yín?”

Kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ará ilé. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, ńṣe ló bi òun pé, “Níbo lẹ ti ń bọ̀?” Ọkùnrin náà yọ̀ délé, torí ó rò pé ó ń jowú òun ni.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju òwe kan lọ: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wá bàjẹ́ ni pé ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù òkè ti gbẹ. Ó tọ ọ̀gá ilé ìwòsàn lọ títí ó fi sú akọ̀wé ẹnu ọ̀nà.

“Màmá, a ti gbọ́,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ ṣáà máa fi sùúrù kọ́ wọn lọ.”

“Sùúrù kì í fọ ọwọ́, sà.”

Wọn kò tún ẹ̀rọ ṣe. Àwòrán ńlá kan ni wọ́n gbé wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹ̀rọ tó gbẹ náà: ọwọ́ méjì lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Màmá Fọwọ́ dúró wò ó pẹ́. “Omi yìí mà mọ́ o,” ó ní. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá fọwọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, omi kan ṣoṣo tó sì dà ní wọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ohun tí à ń sá fún ló ń dé bá ni. Ìpákè, àìsàn ìfun tó yọ, dá Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó lọ dáadáa, wọ́n sì gbé e sí wọ́ọ̀dù òkè. Kò pẹ́ tí egbò náà fi pọ́n, tó wú, tó ń rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ òun wá, ó sì ṣí egbò sílẹ̀.

“Ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tí mò ń yà á sójú pátákó, ẹ ní mò ń sọ àsọdùn.”

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ló gbé e wá.

Nígbà tí oògùn kò ràn án mọ́, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Oníyára, tí Màmá ti bá wí jù nínú wọn, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Màmá, èmi ni, mà. Ọ̀dọ̀ bàbá elégbò ẹsẹ̀ ni mo ti wá sọ́dọ̀ yín. Mi ò fọwọ́.”

“Kí ló dé?”

“Omi ò sí, mà.”

“Kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe tí omi ò bá sí?”

“Ẹ ní ká lọ pọn ọ́n nísàlẹ̀.”

“Kí ló dé tó ò lọ?”

“Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mà. Wọ́ọ̀dù kún. Ìyá kan ò lè mí dáadáa. Tí mo bá lọ, ta ni màá fi í sílẹ̀ fún?”

Màmá Fọwọ́ wo àjà ilé, ó wo ọmọ náà.

“Mi ò ní ìdáhùn sí i,” ó ní. “Látọjọ́ tí mo ti ń kọ́ yín, ẹ̀rù ìbéèrè yìí ló ń bà mí. Mo sì rò pé tí mo bá pariwo dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí. Dìde, ọmọ mi. Wá pààrọ̀ báńdéèjì mi.”

Oníyára gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó pọn omi, ó gun àtẹ̀gùn padà wá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó fọ àárín ìka, ó tún un fọ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ń wò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí kó sọ pé èékánná kù. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà tán, ó ní, “O ṣé,” ó sì sùn. Kò jí mọ́.

Ẹ̀rọ náà ṣì gbẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa sọ ìtàn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a gbé garawa kalẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà wọn a gbé omi wọn, wọn a máa gòkè lọ.