Bí Wọ́n Ṣe Yọ Ìyá Mi Kúrò Nínú Ìwé Mi

Obì ni Mọ́gàjí, olórí ilé wa, ń jẹ lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé mi lọ bá a. Ó ń fi ahọ́n lá ìka, ó ń fi ìka náà ṣí ìwé, gbogbo ojú ewé tó bá ṣí ló ń gba itọ́ pupa létí. Mo jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, mo ń wo iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá bó ṣe ń pọ́n létí. Síbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló ń rí mi lára jù títí dòní. Itọ́ ṣeé nù.

Aránfìlà ni mí, ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì lè búra pé mo ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń wù mí kí n rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lálàá mọ́tò, èmi ń lálàá ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kò tí ì kúrò lára rẹ̀. Ìgbà tí mo pé àádọ́ta ọdún ni mo tó gbójúgbóyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn agbo ilé wa tó wà nísàlẹ̀ Mápó, sínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, láàárín fìlà kan sí òmíràn.

Orí kẹrin ni ìtàn ìyá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi ṣe opó rẹ̀ tán, àbúrò bàbá mi ní òun máa ṣú u lópó. Ìyá mi ní òun kò fẹ́. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹní kan, ìkòkò méjì, àpótí páànù kan. Wọ́n rò pé ó máa ru ú lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Pópó Yemọja. Ìyá mi jókòó lé àpótí náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dáná síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà. Àwọn tó kó ẹrù rẹ̀ síta ló ń kọ́kọ́ rà á, torí àkàrà náà dùn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa jáde nílé láìgba ẹ̀gbẹ́ iná rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó sú wọn, tí wọ́n dá yàrá rẹ̀ padà fún un. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin là ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

Torí orí kẹrin yìí ni mo ṣe kọ̀wé. Àwọn orí yòókù, mo kàn kọ wọ́n kó má baà dá wà ni.

Kí ló wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí? Ní agbo ilé wa, a kì í gbẹ́ kànga, a kì í fọ́mọ fọ́kọ, láì fi tó Mọ́gàjí létí. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìwé wà lára rẹ̀ o. Ẹ̀rù ló gbé mi lọ. Àbúrò bàbá mi tí mo ń sọ yẹn, òun ló bí Mọ́gàjí. Mo rò pé bí Mọ́gàjí bá ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó tún máa bi mí ní nǹkan kan. Ewúrẹ́ ló ń lọ bi alápatà bóyá òun lè sùn sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ó dé orí kẹrin, ẹnu rẹ̀ dá jíjẹ dúró.

"Ṣé ìwé lo ń kọ ni, àbí o ń pẹjọ́?"

"Ìwé ni, bàbá."

"Ta ló kó ẹrù opó síta nínú ilé yìí?"

Mo mọ ẹni tó kó o. Ìṣojú mi ni. Mo ní, "Ó lè jẹ́ pé mi ò rántí dáadáa, bàbá. Ọmọdé ni mí nígbà náà."

"Ẹn-ẹ́n. Ọmọdé ni ọ́." Ó fa ewé mẹ́sàn-án ya kúrò nínú ìwé, ó ká wọn, ó kì wọ́n bọ abẹ́ tìmùtìmù tó jókòó lé. "Oríkì ilé wa ni kó o fi dípò rẹ̀. Mo sì ní fọ́tò kan tí mo yà lọ́jọ́ tí mo joyè. Ìyẹn ni kó wà níwájú."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni mo wí. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gba ìyá lọ́wọ́ èèyàn, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mo tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó korò lẹ́nu mi kò bá a lọ.

Inú atẹ̀wé tí mo bá ní Bẹẹrẹ dùn púpọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, orí yín pé. Ìwé tí kò ní fọ́tò èèyàn ńlá níwájú, ta ló fẹ́ rà á? Ṣé ẹ ẹ̀ ní fi ti alága kánsù sí i?"

Mo ní ọ̀kan ti tó.

"Ti olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ ńkọ́?"

Kàlẹ́ńdà ìwúyè àti ti ìsìnkú ló kún ara ògiri rẹ̀ bámúbámú, gbogbo àwọn tó wà nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, alààyè àti òkú. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Irú rẹ̀ ni mo rín lórí ẹní.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, mo gbé e sí imú. Ohun tí mo ti ń retí láti kékeré nìyí. Íńkì ni mo gbóòórùn, ó sì ṣe mí bíi kí n bì. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: Mọ́gàjí ló jókòó sójú ewé àkọ́kọ́, ó dé fìlà tí èmi fúnra mi rán. Wọ́n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ bàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé. Yàrá tí ìyá wa kú sí ló ń gbé. Ó fọwọ́ pa ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ka ti Ìyá fún mi."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ṣí ibi tí oríkì wà, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ń sọ orí kẹrin bí mo ṣe há a sórí. Mo sọ ti ẹní, mo sọ ti ìkòkò, mo dé ibi àkàrà. Ó ń mi orí. Lójijì ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà. Mo tún "kà" á tó gbólóhùn méjì kó tó yé mi pé ọwọ́ ti tẹ̀ mí.

"O ò tí ì ṣí ewé láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kí ló wà níbí?"

"Oríkì ilé."

"Ìyá ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ ti ìdọ̀bálẹ̀ náà pẹ̀lú. Kò bú mi. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí ìwé, ó nù ún sára ìró rẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ohun tó ti rà.

"Àwọn bàbá wọn gbé Ìyá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀," ó ní. "Ìwọ gbé e dé títì."

Mo lọ sílé, mo tún orí kẹrin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé Bẹẹrẹ, atẹ̀wé wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ti jáde. A kì í bímọ tán ká tó wá ní ó ku etí."

"Sáà tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ fún mi. Màá bá a wá etí sí i."

Sítáàṣì tí mo fi ń mú kí fìlà le ni mo fi lẹ ewé tuntun náà mọ́ inú gbogbo ìwé, ìkòkò kan tó ti kan, tó ń rùn bí omi ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, màá ju aṣọ bo ìwé tí mo kọ fúnra mi bí ẹni tó jí i gbé. Nígbà tí mo lẹ̀ ti Ìyá tán, mo tún wo fọ́tò Mọ́gàjí. Mi ò tó ẹni tó ń ya á. Mo kàn fi sítáàṣì ra ojú ewé náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àìkú ni ẹbí pé láti wo ìwé. Mo pín in káàkiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti Mọ́gàjí fún un. Ó ṣí i, ó wá ara rẹ̀ tì. Ó fi èékánná ha etí ewé náà.

"Èyí lẹ̀ pọ̀. Àwọn atẹ̀wé yìí ò mọṣẹ́."

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Ẹnu mi ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Àwọn kọ́, bàbá," mo ní. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ìtàn ìyá mi wà lójú ewé kejìlélógójì."

 Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún sítáàṣì, ara mi sì ṣì ń rí mi lára díẹ̀, torí ó kù díẹ̀ kí n má wí i. Mọ́gàjí ń wò mí. Lẹ́bàá ògiri, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣí ewé, ó ń wá kejìlélógójì.