Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Láwàlì Ò Dáhùn Ẹ Kú Iṣẹ́

Kò sẹ́ni tó mọ èèyàn kí bíi Bọ̀dá Láwàlì. Kọ́ḿpáòndù kan náà la jọ ń gbé l'Ájégúnlẹ̀. Tí wọ́n bá ń jáde láàárọ̀, kí wọ́n tó dé gétì, wọ́n á ti kí èèyàn mẹ́rìnlá, wọ́n á ti béèrè ọmọ, wọ́n á ti béèrè orúnkún tó ń dun bàbá oníbàbá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wa lọ́rì olówó kí wọ́n tó ra tiwọn, ògbólógbòó kan báyìí.

Oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ṣáásì lọ́rì yẹn, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, sán. Ibi tó ti sán, abẹ́ orí ni, ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Àfi kí wọ́n gbé odindi orí yẹn kúrò kí iná wẹ́dà tó lè débẹ̀. Raphael nìkan ni wẹ́dà tí wọ́n fọkàn tán, Raphael sì ń lọ sílé ọdún. Bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀: "Láwàlì, four o'clock I go come. If dat head still siddon for dere, na January be dat." Ìyẹn ni pé gbogbo lọ́rì á máa kó ẹrù ọdún, tiwọn á nà gbalaja sílẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lẹ́bàá Liverpool Road ní aago méjì. Alábàárù mẹ́rin tó ṣèlérí pé àwọn á bá wọn gbé orí ò wá, ọkọ̀ ojú omi tuntun ló gúnlẹ̀ sí wọ́ọ̀fù, ní èbúté, gbogbo wọn ti sá lọ síbẹ̀. Ó wá ku Bọ̀dá àti Friday, mọ́tọ̀ bọ́ọ̀yì wọn tó ti bímọ mẹ́ta. Wọ́n ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Bọ̀dá á mí kanlẹ̀, wọ́n á sé èémí, wọ́n á fi àyà tẹ irin gígùn kan tí wọ́n tì bọ abẹ́ orí mọ́lẹ̀, orí á gbéra díẹ̀, kí Friday ti pákó sábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọkùnrin oníbáàgì kan ló ń kọjá.

"Oo, ẹ ṣeun o, ilé ńkọ́?"

Èémí tí wọ́n fi tẹ irin ni wọ́n fi dáhùn. Gbàà, orí padà sílẹ̀. Friday fa ìka yọ.

Bàbá àgbà kan tún dé, ó ń fa ohùn bí okùn kànga: "Láááwàlì, o kú iṣẹ́ oooo. Ṣé ó ń lọ?"

Bọ̀dá fi irin sílẹ̀ pátápátá, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Gbàà. "Ó ń lọ, Bàbá."

Bàbá wo lọ́rì náà títí. "Kò jọ pé ó ń lọ o. Ò bá pe èèyàn." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, gba ibẹ̀ kọjá, ó fi imú sọ ọ́, "Well done, sà." Bọ̀dá tún dáhùn. Gbàà.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, pákó kan péré ló tíì wọlé. Friday ti ń fá ìka lá. "Oga, no answer dem again, abeg."

"Ṣé kí n máa wo èèyàn bí ewúrẹ́ ni?"

"Look dem like goat, Oga. Lorry go waka."

Bọ̀dá nu ojú, wọ́n pa ẹnu dé. Ẹni mẹ́fà kí wọn, Bọ̀dá kàn ranjú mọ́ wọn ni. Pákó kejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé. Bọ̀dá ṣì fi àyà tẹ irin, kí orí má baà yẹ̀ lórí pákó; ó wá ku ẹni tó máa gbé e kúrò. Ìgbà yẹn ni Màmá Sàlímọ́tù, àgbà kọ́ḿpáòndù wa, yọ sí wa, àwọn tó ti ṣíwọ́ ní wọ́ọ̀fù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Láwàlì, o kú iṣẹ́ o."

Bọ̀dá tẹ irin mọ́lẹ̀ sí i, irin ń gbọ̀n lábẹ́ àyà wọn.

Màmá sọ ẹrù kalẹ̀. "Èmi ni mo ń kí ẹ." Ohùn wọn tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. "Ẹ wá wò ó o. Láwàlì ti ra lọ́rì, kì í dáhùn mọ́."

"Ó ṣe é fún èmi náà," ẹnìkan wí. Àwọn tó ń bọ̀ láti wọ́ọ̀fù dúró, àwọn tí Bọ̀dá ò dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan yí padà. Nígbà tó yá, èèyàn mọ́kànlá ló yí wa ká, ọkùnrin oníbáàgì yẹn náà ti padà dé, gbogbo wọn ń fajú ro.

"Màmá," Bọ̀dá fi eyín sọ ọ́, "tí mo bá dáhùn, orí yìí á já. Ẹ ní kí wọ́n bá mi dì í mú, kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún yín."

"Ẹ dì í mú fún un. Mo fẹ́ rí ìdọ̀bálẹ̀ náà."

Wọ́n di etí pákó mú lọ́tùn-ún lósì. Bọ̀dá nà gbalaja sínú ọ́ìlì dúdú tó dà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Màmá, orúnkún yín ńkọ́? Ẹ̀yin oníbáàgì, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti tó," ọkùnrin oníbáàgì ní. "Ó wúwo."

"Bó ṣe wúwo yẹn," Bọ̀dá dáhùn láti ilẹ̀, "ẹ máa gbé e bọ̀ lápá ọ̀tún."

Èébú ni wọ́n fi gbé e, ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀ sórí àwọn táyà àlòkù tó wà nílẹ̀. Raphael dé pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò ẹ̀. "Who carry am?"

"People wey dey vex," Friday wí.

Raphael wọ gíláàsì dúdú ẹ̀, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ẹnìkan tún ń kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bọ̀dá ti la ẹnu. Màmá, tó ti jókòó sórí táyà kan, gbà á mọ́ wọn lẹ́nu:

"Ó gbọ́. Máa lọ."