Àyè Tí Fèrè Fi Sílẹ̀

Inú ṣì ń bí mi sí olórí akọrin yẹn títí di òní, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin ti kọjá tí a ti sin ọ̀gá mi nídìí orin.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá mi, ní Ifọ̀. Ó máa ń fọn fèrè saksofóònù, jáàsì ló sì fẹ́ràn jù. Gìtá ni èmi ń ta ní Mówè. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi ń wọ ọkọ̀ méjì lọ bá a lọ́sàn-án Sátidé, nítorí àwo orin kan tó rà nígbà èwe rẹ̀. Onífèrè jáàsì kan àti onígìtá ará Brazil kan ló jọ ṣe é, bossa nova ni, orin ijó pẹ̀lẹ́ ilẹ̀ Brazil. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu nínú rẹ̀. Gìtá á sọ tirẹ̀, á dákẹ́. Fèrè á wá wọlé jẹ́ẹ́, bí àlejò tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan á ní orin hòtẹ́ẹ̀lì ni. Orin tó ti pẹ́ tó yìí, tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ń gbọ́ lórí fóònù, ẹ ní kò ní láárí? Ẹ lọ fọ etí yín.

Bí àwa méjèèjì bá ti ń fi fèrè àti gìtá tiwa ṣe orin náà, tí a ń gbádùn rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá mi á yọjú láti ilé ìdáná, á ní kí ọkọ òun rọra. Mi ò bá a jiyàn rí, àmọ́ mo kà á mọ́ àwọn tí kò létí orin.

Nígbà tí àìsàn ti dá ọ̀gá mi dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tí mo bá lọ, ìwọ ni kí o fi gìtá ta orin wa yẹn níbi ìsìnkú mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọn tèmi. Fi àyè mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ní Ìbàfò ni a ti ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀. Olórí akọrin, ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ àbúrò mi lọ́jọ́ orí, ní orin ilé ọtí kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ọmọ olóògbé bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Mo ṣàlàyé fún un pé ibì kan wà láàárín orin tí mo máa dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Àmọ́ ẹ mọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa: ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń bà wọ́n ju ẹ̀rù Èṣù lọ. Àdúrà lásán, kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ máa hó lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sì ṣe fún mi nìyẹn. Mo dé ibi àyè náà, mo gbọ́wọ́ kúrò lára gìtá, ni kíbọ́ọ̀dù bá ya wọlé, ìlù tẹ̀lé e, olórí akọrin sì gba makirofóònù, ó ń pariwo halelúyà. Orí mi gbóná. Mo dìde.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àyè òkú ni ẹ jókòó sí yẹn."

Olórí akọrin juwọ́ sí mi pé kí n bọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni opó ọ̀gá mi dìde níwájú, ó gbọ́wọ́ sókè sí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, ó sì ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, gbogbo wọn dákẹ́. Mo wo opó. Ìka rẹ̀ ń lu apá àga, orí rẹ̀ ń tẹ̀ síbi tí fèrè ọkọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí, kò fo ẹyọ ohùn kan. Nígbà tí àyè náà pé, ó mi orí sí mi, mo sì wọlé padà.

Lẹ́yìn ìsìn, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Mo ní èmi rò pé kò fẹ́ràn orin náà.

Ó ní, "Fèrè ọkọ mi ló máa ń bo gìtá rẹ mọ́lẹ̀. Mo ní kó rọra kí n lè gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì láti ìdí ààrò."

Inú ṣì ń bí mi sí olórí akọrin. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan ló fi jókòó sí àyè òkú. Èmi lọ sí ilé yẹn fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, kò sì sí Sátidé kan tí mo ní kí ìyá náà wá bá wa jókòó.