Gìtá Wúrà Tí Ọlábọ̀dé Bò Mọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ orin ló máa ń rí Ọlábọ̀dé lára. Bó bá wọkọ̀ tí wọ́n tan rédíò, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á wá máa mirí bí ẹni tó bu oúnjẹ tó ti kan sẹ́nu. Fọlákẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ti sọ fún un títí pé orin ò ṣẹ̀ ẹ́, kó yé fojú burúkú wò ó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọkùnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ìsìkàn ló ń gbé. Gìtá ló fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò fi jẹun rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a máa ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àárọ̀ Sátidé, a máa ta á fún ara rẹ̀ ní pálọ̀.

Àwọn onígìtá tí ọwọ́ wọn kì í sinmi ló ń rí i lára jù. Wọ́n sì pọ̀ ní Àkúrẹ́. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, wọ́n ń ta. Obìnrin dúró níwájú ìjọ, ó ń sọ bí ọmọ òun ṣe bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ìka wọn ń sáré gòkè, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí wáyà bí èkúté orí àjà. Babájídé, tí òun àti Ọlábọ̀dé jọ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wà lára irú wọn. Ọlábọ̀dé kì í lè wojú rẹ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun náà ń ṣe é. Bí ijó bá ti gbóná, tí àwọn ìyá ìjọ ń ju áńkáṣíìfù, ọwọ́ tirẹ̀ náà kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Tí ìsìn bá parí, wọ́n á ní, “Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, ọwọ́ yín dùn!” Á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Tó bá délé, kì í fẹ́ fojú kan gìtá rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán an níṣẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó. Ó parí ohun tó wá ṣe kó tó di aago mẹ́ta, ó sì dúró ní Yaba, àdúgbò kan níbẹ̀, láti ra bọ̀ọ̀lì. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ariwo kan láti inú ilé gbọọrọ kan tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ kan ló ń dàrú. Nígbà tó yọjú wọlé, àwọn mẹ́rin ló rí: ẹnì kan nídìí ìlù, ẹnì kan nídìí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ tó ń pariwo sínú gbohùngbohùn, àti obìnrin kan tó gbé gìtá kọ́ra lẹ́bàá ògiri.

Pọ́ńkì ni wọ́n pe orin náà. Orin òkè òkun ni, ó le, ó yára, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ lórí gìtá, mẹ́ta péré ló ní, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń fi bínú. Jíbọ́lá lorúkọ ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọrin. Ó ń kọ nípa ìwé ẹ̀rí tó ń bu nínú àpótí, àti ẹ̀rọ omi àdúgbò tí kò pọn omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ìṣe rẹ̀ kó Ọlábọ̀dé nírìíra. Ó ń tutọ́ sílẹ̀. Ó da omi sórí, ó gbọn orí bí ajá tó jáde nínú odò, omi náà sì ta sí Ọlábọ̀dé lẹ́nu. Ọlábọ̀dé nu ẹnu, ó yí padà láti máa lọ.

Ibi tó ti ń yí padà ló ti gbọ́ gìtá náà.

Kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ gbogbo wàhálà yẹn, ohun kan wà tó dúró gbọn-in, tí kò yára jù, tí kò falẹ̀, tí ohun yòókù fara tì. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbá wáyà sí. Kò gbá a sókè rárá. Etí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí wáyà, ó ń gé ohùn náà kúrú kí ó tó lè di ariwo. Kò mira. Kò wo ẹnikẹ́ni, àfi ẹsẹ̀ onílù. Láàárín orin, Jíbọ́lá gbàgbé ọ̀rọ̀, ó wá ń fò sókè sódò kí wọ́n má baà mọ̀. Obìnrin náà kò yí ojú. Ó kàn padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ibi kan náà ta lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e láìmọ̀, títí Jíbọ́lá fi rántí tó sì kó sínú orin padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú ìtìjú. Ọlábọ̀dé nìkan ló mọ̀. Bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Wúrà Akínsànyà lorúkọ obìnrin náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Rìwáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sì jìnnà síbẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?” Ọlábọ̀dé bi í nígbà tí wọ́n ṣíwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀? Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni.”

Ọlábọ̀dé délé, ó gbé gìtá rẹ̀, ó ní kí òun náà gbá a sísàlẹ̀ nìkan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi ń jó bí iná. Kò sì dọ́gba. Ó ń yára, ó ń falẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi sá lọ ṣe àrà. Láti ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Sátidé tí kì í lọ sí Oǹdó lọ́sàn-án láti jókòó wò wọ́n. Ó sọ̀rọ̀ Wúrà níléeṣẹ́, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún Fọlákẹ́mi títí ìyẹn fi bi í léèrè pé ṣé gìtá náà nìkan ló ń wò.

“Gìtá náà nìkan ni,” ó dáhùn. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tó ṣe, Jíbọ́lá ní àwọn fẹ́ gba orin kan sílẹ̀. Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ Lawrence, ẹni tó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan lójú ọ̀nà Arakale ní Àkúrẹ́. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ó ń rùn: òórùn ìbọ̀sẹ̀, òórùn sìgá àná, àti ẹ̀wà tí ẹnì kan gbàgbé sínú ike. Wúrà kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ta á, ó pé. Ó ká wáyà rẹ̀, ó ní oníbàárà kan ń dúró dè òun ní Oǹdó, ó sì wọkọ̀ lọ.

Bó ṣe jáde ni Lawrence fẹ̀yìn ti àga.

“Gìtá yìí gbẹ o,” ó ní. “Kò ní ata, kò ní iyọ̀.”

“Èmi náà ti ń rò ó,” Jíbọ́lá dáhùn. Ó yíjú sí Ọlábọ̀dé. “Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, ẹ̀yin tọ́wọ́ yín dùn, ẹ bá wa fi nǹkan sí i, ẹ jọ̀ọ́. Díẹ̀ báyìí.”

Ọlábọ̀dé mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ó lè sọ pé ohun tí ẹ̀ ń pè ní gbígbẹ yẹn gan-an ni orin. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ pé, “Ṣé ẹ ò ní sọ pé ó pọ̀ jù?” Ọwọ́ rẹ̀ ti na sí gìtá.

Ó ta á. Ó sáré gòkè, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó fa wáyà títí ó fi ké. Jíbọ́lá ń pàtẹ́wọ́, Lawrence ń kígbe pé “Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe!” Ó tún un ṣe nígbà márùn-ún. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kíyè sí ọwọ́ Lawrence lórí ẹ̀rọ, bó ṣe ń fa ohùn gìtá Wúrà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò gbọ́ ọ mọ́.

“Ti Wúrà ńkọ́?”

“Ó wà lábẹ́ níbẹ̀,” Lawrence dáhùn. “A ò yọ ọ́ kúrò.”

Ọlábọ̀dé tẹ́tí títí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tó délé, Fọlákẹ́mi gbé iyán wá, kò lè jẹ ẹ́. Ó ní òórùn yàrá náà ṣì wà nímú òun. Kì í ṣe òórùn yàrá.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lo orin náà ní Àkúrẹ́. Àwọn ará iléeṣẹ́ rẹ̀ ń kí i kú oríire. Babájídé dì mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa wá!” Ó ní ibi tí gìtá ti ké gan-an ni òun fẹ́ràn. Ọlábọ̀dé wo ojú Babájídé tó ń tàn, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, itọ́ kún un lẹ́nu. Ó sáré lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wúrà. Ẹsẹ̀ obìnrin náà nìkan ló rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ kan, níbi tó ti ń wá wáyà tó jó.

“Wúrà, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Orin yẹn—”

“Mo ti gbọ́ ọ,” ó dáhùn láti ibi tó wà. “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí ẹ bá ti parí gbólóhùn kan lórí gìtá, ẹ máa ń fà á gùn, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́.”

Ọlábọ̀dé sún kúrò lẹ́bàá ọkọ̀ náà. Ó dúró sínú oòrùn. Nígbà tó yá, Wúrà jáde, ó fi ákísà nu ọwọ́, ó sì wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Jíbọ́lá ní kí n lọ kọ́ ọ,” ó ní.

“Kọ́ kí ni?”

“Ohun tí ẹ ta. A máa wá ṣeré ní Àkúrẹ́. Ó ní ohun náà làwọn èèyàn mọ̀, ohun náà ni wọ́n máa fẹ́ gbọ́.”

“Wúrà, má kọ́ ọ. Jọ̀ọ́.”

“Mo ti kọ́ ọ.” Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé gìtá rẹ̀ jáde láìso ó mọ́ ẹ̀rọ kankan, ó jókòó lórí táyà. Ó ta gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í níbì kankan. Ó ta fífà náà. Ó ta ibi tí wáyà ti ké. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Nínú ohùn tín-ín-rín yẹn, tí kò sí ariwo tó bò ó, Ọlábọ̀dé gbọ́ gbogbo ìwà ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta gìtá. Kò gbọ́ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Kò le,” Wúrà ní. “Kí lẹ wá gbà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n?”

“Mo wá bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ ti bẹ̀ mí.” Ó gbé gìtá padà sínú ilé, ó sì wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Lawrence ni Ọlábọ̀dé gbà lọ. Ó ní kó yọ ti òun kúrò, kó gbé ti Wúrà sókè. Lawrence rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní orin ti jáde, àwọn èèyàn ti gbà á, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Ọlábọ̀dé pe Jíbọ́lá lórí fóònù. Jíbọ́lá ní, “Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Wúrà dà yín láàmú, sà. Kì í sọ̀rọ̀, nǹkan ò sì ń dùn ún.” Ọlábọ̀dé pa fóònù náà, ó sì fi aṣọ nu etí.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣeré náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọlábọ̀dé dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orí rédíò, gbogbo ilé pariwo. Wọ́n dé ibi tí gìtá ti máa ké. Jíbọ́lá na ọwọ́ sí Wúrà. Wúrà kò ta á. Ó ń gbá wáyà rẹ̀ sísàlẹ̀, déédé, bó ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Jíbọ́lá kígbe sínú gbohùngbohùn pé, “Gìtá dà?” Ẹnì kan hó lé Wúrà lórí. Àwọn míì gbà á, híhó náà gba gbogbo inú gbọ̀ngàn náà, Jíbọ́lá fúnra rẹ̀ sì bá wọn hó, ó tutọ́ sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ Wúrà. Obìnrin náà kò sáré, kò falẹ̀. Ó gbé gbogbo wọn dé òpin orin. Lẹ́yìn náà ó fa wáyà rẹ̀ yọ, ó ká a, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e láìsí gìtá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó ni kò mọ̀ pé nǹkan kan dín.

Ọlábọ̀dé fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rántí ohun tí obìnrin náà sọ fún òun nípa pípàtẹ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ sápò.

Wúrà ò bá wọn ta gìtá mọ́ látọjọ́ náà. Ẹni tó bá lọ sí Oǹdó á bá a nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò jọ pé nǹkan kan ṣe é. Orin náà ṣì ń lọ lórí rédíò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlábọ̀dé kì í ṣe àrà kankan mọ́. Kọ́ọ̀dù nìkan ló ń tẹ̀, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn kúrú. Pásítọ̀ ti pè é sí kọ̀rọ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, nítorí àwọn ìyá ìjọ ń ṣàròyé pé ọwọ́ rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó ní ara òun le.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Ọlábọ̀dé ń jẹun ọ̀sán níléeṣẹ́, Lawrence fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun tún ní orin kan, pé gìtá inú rẹ̀ gbẹ, kó wá bá òun fi ata sí i. Ọlábọ̀dé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti abọ́ ẹ̀bà náà kúrò níwájú rẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́ padà: “Rárá.”