Bàbá Tí Kò Fẹ́ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Pe Òṣì

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Bọ̀dé pé bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san owó ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ tí kóòtù pa láṣẹ, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Èmi, ògbufọ̀ láti Becontree ní London, ni mò ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ wa kò gba àfikún, kò gba àyọkúrò. Bí ẹlẹ́jọ́ bá bú adájọ́, ìwọ náà á bá a bú u, wàá sì fi “sà” kún un bí òun bá fi kún un.

“Ṣé owó wà lọ́wọ́ yín?” ni adájọ́ bi í.

Bọ̀dé gbé àyà sókè. “Ọlọ́run mi ò tòṣì. Mo ní ànító, mo ní àníṣẹ́kù!”

Ní òwúrọ̀ yẹn, nígbà tí òṣìṣẹ́ kóòtù bi í ìdí tó fi pẹ́, ó ní ẹsẹ̀ lòun fi rin òjò wá láti Barking Riverside. Ṣùgbọ́n Aláàdúrà ni, bíi tèmi. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe òṣì. Ebi lè máa pa ọ́, wàá ní o ti yó lórúkọ Jésù.

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ojú adájọ́ le. Háà, ẹnu mi ló fẹ́ sọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n!

Ìyá Ṣadé tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, “Bí wọn ò bá gbọ́ra yé, na ọwọ́, tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n má gba ẹjọ́ rò o.” Bí mo bá ṣì í, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Mo na ọwọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ló sọ, kó má jẹ́ ìdáhùn. Ẹ lè bi í lọ́nà mìíràn.”

Adájọ́ tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bọ̀dé. “Kí lẹ jẹ lánàá?”

Èjìká Bọ̀dé wálẹ̀.

“Bisikíìtì tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti sack mi, sà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ pé bàbá òun ò ní.”

Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, ó ní kó lọ wáṣẹ́, kó máa san díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, Bọ̀dé kò dúpẹ́. “Mummy, ẹ ti jẹ́ kí n fi ẹnu mi pe òṣì.”

“Màá bá ẹ gbàdúrà sí i,” ni mo wí. “Lọ wáṣẹ́, kóo bọ́ ọmọ rẹ.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo jà lólè. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìgboro ló gbà jáde, kò gba ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n.